Ohun Tí Ọwọ́ Dà Sílẹ̀, Ohun Tí Ẹnu Ń Kà: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Àkọsílẹ̀ Lórí Kíkọ́ Egungun Dídà ní Gúúsù Ilẹ̀ Áfíríkà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àtọwọ́dọ́wọ́ láàrin àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí Ifá: pé Ifá dá yàtọ̀ láàrin àwọn ọ̀nà tí a fi ń wádìí ọ̀ràn ní ilẹ̀ Áfíríkà nítorí pé ó ní ẹsẹ, àti pé nǹkan lásán ni àwọn yòókù ń dà sílẹ̀, tí wọ́n ń wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu olùkọ́, wọn a sì gbé e sí orí kìíní iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn láì yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti yẹ̀ ẹ́ wò. Egungun dídà ní gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà ni a ó fi dán an wò, nítorí pé lójú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i, ó dà bí ẹni pé kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ rárá: awo yóò gbọn egungun lọ́wọ́, yóò dà á sórí ẹní, yóò sì sọ ohun tí ó rí. Ìbéèrè wa kò lọ́jú pọ̀: kí ni ẹni tí ó lọ kọ́ egungun dídà ń kọ́ gan-an? Àkọsílẹ̀ mẹ́rin ni a ó bi ní ìbéèrè yìí. A kò ní tò wọ́n bí ọdún wọn ṣe tẹ̀ léra. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe súnmọ́ ìdáhùn sí ni a ó fi tò wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni ti Henri-Alexandre Junod, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Swítsàlandì tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàrin àwọn Tsonga ní Mòsáḿbíìkì àti ní Transvaal. Ìwé rẹ̀ alápá méjì, The Life of a South African Tribe, jáde ní 1912 àti 1913. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó là á lọ́yẹ̀ ni Spoon Libombo, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń da egungun. Junod to àwọn ohun tí ó wà nínú àpò awo kalẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni egungun kékeré inú ọrùn-ẹsẹ̀ ẹran. Ti ewúrẹ́ àti òbúkọ dúró fún àwọn ará abúlé, ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni wọ́n tàbí obìnrin. Ti ọ̀bọ ńlá tí í gbé ní agbo dúró fún abúlé fúnra rẹ̀. Ti ẹranko kan tí í gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ lóru láti wá ìkán jẹ dúró fún àwọn òkú ọ̀run, nítorí pé inú ilẹ̀ ni a sin wọ́n sí. Ìkarahun inú òkun náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣàlàyé ìhà tí egungun lè gbé sókè, ibi tí ó lè kọjú sí, àti ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀.

Iṣẹ́ ribiribi ni. Kò sí ẹni tí ó kà á tí kò ní mọ̀ pé ìrònú jinlẹ̀ ni ó wà nídìí yíyan ohun tí ó wọ inú àpò náà. Ìwà ẹranko ni ó sọ ọ́ di àmì: ẹni tí kò bá mọ bí ẹranko náà ṣe ń gbé nínú igbó kò lè mọ ìdí tí egungun rẹ̀ fi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtòkalẹ̀ yìí náà ni ó bí ìṣòro. Ẹni tí ó bá há gbogbo rẹ̀ sórí kò tíì lè da egungun fún ẹnikẹ́ni. Ká ní egungun tí ó dúró fún ọ̀dọ́mọbìnrin dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun tí ó dúró fún àwọn òkú ọ̀run, ṣé wọ́n ń bínú sí i ni, àbí wọ́n ń ràdọ̀ bò ó? Ṣé òun ni aláìsàn, àbí òun ni ó ń tọ́jú aláìsàn? Àtòjọ kò lè dáhùn. Síbẹ̀, irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé ìléwọ́ òde òní tí ó ń ṣèlérí láti fi egungun dídà kọ́ ènìyàn láàrin ọjọ́ díẹ̀ gbójú lé: egungun yìí ni ìfẹ́, tọ̀hún ni owó, ìyẹn ni ìrìn-àjò. Junod kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà kọ ìwé rẹ̀ mú kí ó rọrùn láti gbàgbé pé ọwọ́ ọ̀gá ni Libombo ti kọ́ ọ, kì í ṣe nínú àtòjọ.

Àkọsílẹ̀ kejì ni ó tú irọ́ inú ọ̀rọ̀ àtọwọ́dọ́wọ́ wa fó. Ní 1933, F. Laydevant, àlùfáà Kátólíìkì kan ní Lesotho, tẹ àpilẹ̀kọ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Bantu Studies lórí oríkì àwọn egungun tí àwọn Basotho ń dà. Bẹ́ẹ̀ ni o, oríkì. Nínú ohun tí awo Basotho ń dà sílẹ̀, pẹlẹbẹ mẹ́rin ni olórí. Akọ ni wọ́n ka méjì sí, abo ni wọ́n ka méjì sí. Bí wọ́n bá ti jáde, ìjáde náà ní orúkọ, orúkọ náà sì ní ewì tí awo ń ké. Èdè ewì náà jinlẹ̀, ó kún fún orúkọ ẹranko, ìtàn àti àdììtú. Ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ kò lè sọ pé òun mọ egungun bí kò bá mọ oríkì wọn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ẹsẹ Ifá rí kò nílò kí a ṣàlàyé ohun tí èyí jẹ́ fún un. Lítíréṣọ̀ alohùn ni, ó sì ti wà nínú ìwé títẹ̀ fún ohun tí ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Pẹlẹbẹ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì yóò jáde ní ọ̀nà 16. Olójú odù Ifá náà jẹ́ 16. Ó rọrùn láti fò láti orí iye yìí lọ sórí ìtàn, kí a sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn Basotho ti gbé egungun wọn lọ, tàbí pé orísun kan náà ni méjèèjì. Ìṣirò lásán ni. Méjì lọ́nà mẹ́rin, níbikíbi tí a bá ti ṣe é, 16 ni yóò fún wa. Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ lé ìṣirò yìí: iye ẹyọ tí ó ṣíjú ni a ń kà, nítorí náà ìjáde 17 ni ó lè wà bí a bá ka èyí tí kò sí ẹyọ kankan tí ó ṣíjú mọ́ ọn. Kì í ṣe iye ni ó yẹ kí ó so Ifá àti egungun Basotho pọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé níbi méjèèjì, ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ ń pe ewì, ewì sì ń pe ìtumọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ewì bá wà, ṣé ewì náà ni gbogbo ẹ̀kọ́? Àkọsílẹ̀ kẹta sọ pé rárá. Láàrin 1868 àti 1870, Henry Callaway, míṣọ́nnárì ní Natal, tẹ The Religious System of the Amazulu jáde. Ó fi èdè Zulu àti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí náà a ṣì lè gbọ́ ohùn àwọn tí ó bá a sọ̀rọ̀, pàápàá Mpengula Mbande. Púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ sílẹ̀ jẹ mọ́ awo tí kì í lo egungun rárá, ìdí sì nìyí tí ó fi wúlò fún wa: ó fi ohun tí ó kù hàn nígbà tí a bá gbé egungun kúrò. Mbande ṣàpèjúwe ẹni tí àwọn baba ńlá ń pè: àìsàn tí kò gbóògùn, àlá lójoojúmọ́, oúnjẹ tí ẹnu rẹ̀ kọ̀. Àwọn ènìyàn a tún fi nǹkan pamọ́ kí ó wá a rí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìpè náà. Lónìí, ukuthwasa ni àwọn Zulu ń pe àkókò ìpè àti ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí. Gobela ni ọ̀gá tí ń kọ́ni.

Ohun kejì tí Callaway jẹ́ kí a rí ni ipa àwọn tí ó wá béèrè. Wọ́n ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ bí awo ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń dá a lóhùn. Títí dòní, ẹni tí wọ́n ń da egungun fún láàrin àwọn Zulu lè máa dáhùn pé «Siyavuma», èyí tí ó túmọ̀ sí pé a gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn Zulu tí ó bá Callaway sọ̀rọ̀ kì í ṣe òpè: wọ́n mọ̀ pé awo tí kò dáńtọ́ lè máa tẹ̀ lé bí ìró ọ̀pá ṣe ń le tàbí ṣe ń rọ̀, kí ó sì fi ìyẹn mọ ibi tí òun yóò yà sí. Ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ ń kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tí ó lè gbà, tí ó sì lè kọ̀. Ìyẹn kò sí nínú àpò egungun, kò sì sí nínú oríkì rẹ̀.

Richard Werbner ni ó kó ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nínú Divination's Grasp, tí ó jáde ní 2015, ó kọ̀wé nípa àwọn Tswapong ti Botswana. Ó gbé ìjáde egungun, ewì àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sójú kan náà, ó sì fi hàn pé ohun tí ewì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ṣùgbọ́n tí kò sọ tán ni ó ń fún awo àti olùbéèrè ní iṣẹ́ ṣe. Bí a bá ní àléébù kan láti bù lé e, òun ni pé awo tí ó ti mọ iṣẹ́ ni ìwé náà fi ojú sí jù. A kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó: bí ó ṣe ṣi ewì ké, bí ọ̀gá ṣe dá a dúró, bí ó ṣe mọ̀ pé ìtumọ̀ tí òun fún olùbéèrè kò wọlé. Síbẹ̀, nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni ó súnmọ́ ìdáhùn jù lọ.

Kí wá ni èyí kàn wá, àwa tí Ifá ni iṣẹ́ wa? Ó kàn wá gidigidi. Bí Junod ṣe to egungun láìsí ewì, bẹ́ẹ̀ ni àwa ṣe to ewì láìsí ọwọ́ tí ó dá a àti etí tí ó gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí Wándé Abímbọ́lá ti tẹ apá méjèèjì Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968 àti 1969, ẹsẹ ni a ń kó jọ, ẹsẹ ni a ń tú palẹ̀. Láìsí iṣẹ́ ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìbá ti sọnù, a kò sì lè dúpẹ́ tó. Ṣùgbọ́n William Bascom ti fi hàn nínú Ifa Divination ní 1969 pé ẹni tí ó wá dífá lè má sọ ìṣòro rẹ̀ fún babaláwo rárá. Babaláwo yóò máa ké ẹsẹ odù tí ó jáde títí olùbéèrè yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni olùbéèrè yẹn ń ṣe. Nínú àkójọ ẹsẹ wa, kò sí níbẹ̀. Ìbò náà kò sí níbẹ̀: owó ẹyọ tí ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àti egungun tí ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó yẹ kí a rántí pé egungun wà nínú Ifá pẹ̀lú.

A kò sọ pé dọ́gbadọ́gba ni gbogbo wọn. Odù 256 àti ẹsẹ tí kò lóǹkà tí ó rọ̀ mọ́ wọn ga ju ohun tí Laydevant kó jọ lọ ní títóbi. Ohun tí a ń sọ ni pé títóbi kì í ṣe ìyàtọ̀ ní irú. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé àwọn yòókù kò ní ọ̀rọ̀ ti fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú lítíréṣọ̀ tí kò kà.

Ọ̀ràn yìí ju ti inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin 3 ti 1957 tí ó dá lórí ọ̀ràn àjẹ́ ka ẹni tí ó bá ń gbowó láti fi agbára tí ó ju ti ẹ̀dá lọ wo ọ̀ràn sí ọ̀daràn. Nígbà tí ó di 2007, òfin 22 ti ọdún náà ka awo tí ń wádìí ọ̀ràn mọ́ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ìgbìmọ̀ lè forúkọ wọn sílẹ̀. Ní tiwa, UNESCO fi Ifá sínú àtòkọ ogún àṣà àgbáyé ní 2008 lẹ́yìn ìkéde 2005. Ìjọba tàbí àjọ tí ó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìmọ̀ yóò béèrè pé: kí ni ẹ kọ́? Ọ̀dọ̀ àwa tí a ń kọ̀wé ni wọn yóò ti wá ìdáhùn. Bí a bá fún wọn ní àtòjọ egungun, àtòjọ ni wọn yóò fi dán akẹ́kọ̀ọ́ wò. Bí a bá fún wọn ní àkójọ ẹsẹ, ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́ yóò lè pe ara rẹ̀ ní awo.

Nítorí náà, àbá wa fún ẹni tí ó fẹ́ lọ sí pápá lórí Ifá, ẹẹ́rìndínlógún tàbí egungun ni pé kí ó kọ ohun márùn-ún sílẹ̀ pọ̀: ohun tí ó jáde, ewì tí ó pè, ìdáhùn olùbéèrè, ìtumọ̀ tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, àti àtúnṣe tí ọ̀gá ṣe fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́. Kí ó gba àṣẹ kí ó tó kọ ọ́, kí ó sì fi ohun tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ jáde sílẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú márùn-ún yìí ni ó ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò, òun gan-an sì ni ibi tí ìmọ̀ ti ń kọjá láti ọwọ́ ọ̀gá sí ti ọmọ-iṣẹ́.