Ìyáàlù Nínú Píánò: Akin Euba àti Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń wa ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ píánò ní ọjọ́ Sátidé ní Atlanta yìí, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí sáà bá parí, wọn a pè wá sí gbọ̀ngàn kan, àwọn ọmọ a jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a tẹ Bach, wọn a tẹ Chopin, àwa a pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé orin tí mo ti rí nínú báàgì àwọn ọmọ wa, n kò tíì rí orúkọ Akin Euba. Bẹ́ẹ̀ sì ni Amẹ́ríkà yìí náà ni ọkùnrin yìí ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ní Yunifásítì Pittsburgh, láti 1993 títí di 2011. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà ni ọ̀rọ̀ wa.

Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, 1935. Ní 1952 ó wọ Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí gíga méjì níbẹ̀, ọ̀kan lórí píánò títẹ̀, èkejì lórí orin kíkọ sílẹ̀. Ẹni tó ní irú rẹ̀ lè máa tẹ orin òyìnbó kiri gbọ̀ngàn títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Euba kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, ó tún lọ kàwé ní Los Angeles. Nígbà tí yóò gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Legon, ní Ghana, ní 1974, ìlù dùndún ni ó fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀.

Kí ni atẹ-píánò ń wá lọ́dọ̀ àwọn àyàn? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Píánò, pẹ̀lú gbogbo dídán ara rẹ̀, ohun tí a ń lù ni: òòlù kéékèèké ni ó ń lu wáyà nínú rẹ̀. Euba rí èyí, ó sì sọ pé ohun-èlò náà kò jìnnà sí tiwa. Ọ̀nà tí ó là ni ó pè ní African pianism: kí a máa tẹ píánò bí ẹni ń lùlù, kí ọwọ́ kan máa pe ohun kan náà léraléra bí omele, kí ọwọ́ kejì máa rìn lórí rẹ̀ bí ìyáàlù.

Ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá yóò tètè rí ìṣòro kan níbẹ̀. Onílù a máa fún ọsán ìyáàlù, ohùn rẹ̀ a máa yọ́ lọ sókè, a máa yọ́ bọ̀ sísàlẹ̀. Ohùn píánò kò lè yọ́. Ibi tí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ náà ni yóò wà. Nítorí náà píánò kò lè kini. Mo rò pé Euba mọ èyí ju gbogbo wa lọ: ìrìn ìlù ni ó mú, ó fi ọ̀rọ̀ ìlù sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ Scenes from Traditional Life, tí ó kọ ní 1970. Ìrìn rẹ̀ Yorùbá ni, ọwọ́ kan ń ka méjì, èkejì ń ka mẹ́ta, èjìká ẹni a fẹ́ máa mì. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó tò sórí ìrìn náà, ọ̀nà Schoenberg ará Vienna ni ó gbà tò ó, èyí tí a fi ń to ohùn méjìlá tẹ̀léra láìsí ọ̀kan tí í ṣe olórí. Ìyá mi ìbá gbọ́ ọ, wọn ì bá ní ọmọdé ló ń fi píánò ṣeré. Èmi náà, ara mi kò kọ́kọ́ gbà á. Ní ìgbà kẹta ni mo tó di ojú, tí mo gbàgbé orin, tí mo ń gbọ́ ìlù nìkan. Ìgbà náà ni ó yé mi. Síbẹ̀ n kò ní tàn yín. Orin àwọn àyàn tí ó lọ jókòó tì ní ohùn tó ń wọni lára. Kí ló dé tí ó fi mú ẹsẹ̀ wọn, tí ó wá lọ yá ohùn ní Vienna? Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì tán nínú mi.

Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí wọ́n bí ní 1935 bíi tirẹ̀, tí ó sì kú ní 1976, kò le létí tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ lè ti inú Nigerian Suite rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oxford náà ti tẹ ìwé márùn-ún jáde, èyí tí William Chapman Nyaho, ọmọ Ghana, kó jọ láti ara orin píánò àwọn ọmọ Áfíríkà nílé àti lẹ́yìn odi, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le.

Euba kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, 2020, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Ní ìparí sáà tó ń bọ̀, ọmọ mi obìnrin yóò tẹ apá kìn-ín-ní Scenes náà. Olùkọ́ rẹ̀, òyìnbó ni, wo ìwé orin náà títí, ó wá bi mí bí ìrìn ọwọ́ òsì yẹn ṣe yẹ kó rí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lu tábìlì fún un.