Ilé-Iṣẹ́ Ọ̀yẹ́-Èkìtì àti Fèrèsé Ilé Àtijọ́: Lámèyítọ́ lórí Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ọwọ́

Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà tí wọ́n wà lábẹ́ ẹgbẹ́ SMA dá ilé-iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ọdún méje péré ni ó lò. Ní 1954 ó ti kógbá sílé. Síbẹ̀, ó ṣòro kí ènìyàn kọ̀wé lórí igi gbígbẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún tó kọjá kó má dárúkọ rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń béèrè nípa rẹ̀: ṣé ó yẹ kí ọwọ́ tó ń gbẹ́ ère òrìṣà tún gbẹ́ ère Màríà? A ti jiyàn yẹn gbó. Tèmi yàtọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ títí ó fi mọ̀ ọ́n, kí sì ni ẹ̀kọ́ náà gbójú fò dá? Ohun tó mú mi béèrè ni pé láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, fèrèsé onígi tó wà lára àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ́ tó lè tún ọ̀kan ṣe sì wọ́n bí ojú.

Sean O'Mahony àti Kevin Carroll ni àlùfáà tí orúkọ wọn so mọ́ ilé-iṣẹ́ náà jù. Ohun tí Carroll kò ṣe ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un: kò mú ọ̀bẹ kó ní òun fẹ́ fi igi gbígbẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá. Ó wá ọ̀gá lọ ni. Aréògún, ará Òsì tó wà ní Kwara lónìí, jẹ́ àgbà agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ìhà àríwá Èkìtì. Ọmọ rẹ̀, George Bándélé, ni Carroll mú wá sí Ọ̀yẹ́. Bándélé alára kò sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó bí i. Oshamuko, ẹni tí Aréògún ti kọ́, ni ó jókòó tì. Ní 1949, Lámídì Fákẹ́yẹ ti Ìlá Ọ̀ràngún di ọmọ-iṣẹ́ lábẹ́ Bándélé, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Mùsùlùmí ni Lámídì, kò sì sí ẹni tó ní kó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi kó tó gba àáké.

Kí òǹkàwé fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ Lámídì yìí. Ilé agbẹ́gi ni wọ́n bí i sí ní 1928, láti kékeré ni ó sì ti ń gbẹ́ igi lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó lọ jókòó síwájú ọ̀gá mìíràn bí ẹni tí kò mu omi iṣẹ́ rí. Ẹni tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀yẹ́ ni ó ti tún ọwọ́ rẹ̀ tò. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àwa tí a ń pariwo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ lónìí máa ń rò pé ọ̀sẹ̀ kan nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú fíìlà àti ìwé-ẹ̀rí, ti tó.

Nínú ìwé tí Carroll tẹ̀ jáde ní 1967 lórí ère ẹ̀sìn Yorùbá, ó kọ ìpele iṣẹ́ mẹ́rin sílẹ̀ bí àwọn agbẹ́gi ṣe ń pè wọ́n: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ọnà lílé ni wọ́n fi ń la odidi igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀. Àlétúnlé ni wọ́n fi ń pín àwọn ìyẹn sí kékeré, kí ojú, etí àti ọwọ́ lè yọ. Dídán ń mú ara igi jọ̀lọ̀, fínfín sì ni ọnà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú ọ̀bẹ ń kọ sí i níkẹyìn. Ìpele kìíní ló le jù, nítorí ohun tí àáké bá ti gé kúrò, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ọ̀gá ni í mú ìyẹn. Ọmọ-iṣẹ́ a máa ti ibi dídán wọlé: ọwọ́ rẹ̀ á gba gbogbo ibi tí ọwọ́ ọ̀gá ti gbà kọjá, á mọ bí èjìká ṣe ń dà sí apá kó tó di pé wọ́n ní kó lé èjìká tirẹ̀. Kò sí ìwé tó lè kọ́ni ní ìyẹn. Ní tèmi, ètò yìí ni ohun tó dára jù tí Ọ̀yẹ́ fi sílẹ̀, ó ju ère èyíkéyìí tó tibẹ̀ jáde lọ. Kì í sì í ṣe àlùfáà ló dá a sílẹ̀. Ó kàn ní ọgbọ́n láti má bà á jẹ́ ni.

Àmọ́ ilé-iṣẹ́ náà ní àléébù kan tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kì í sọ. Àwòrán ojú ilẹ̀kùn ló gba gbogbo ògo. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ kò gba nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ṣáájú Ọ̀yẹ́. Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n kó lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, tí kò sì padà wálé mọ́; Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà. Ẹgbàágbèje ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti kọ lórí òyìnbó tí wọ́n gbé nínú àga tó wà lójú rẹ̀. Ta ló kọ̀wé lórí bí ó ṣe ń ṣí, bí ó ṣe ń pa dé? Ilẹ̀kùn àtijọ́ wa kò ní hínjìsì. Láti ara pákó náà ni wọ́n ti ń yọ ìwo kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, tí wọ́n ń yí nínú ihò. Bí ìwo ìsàlẹ̀ bá jẹ tán, ilẹ̀kùn á máa wọ́lẹ̀, ẹnìkan á sì ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń fi igi lé igi. Ẹni yẹn kò ní oríkì nínú ìwé kankan.

Fèrèsé ni ìyà yìí jẹ jù. Agbo-ilé àtijọ́ kò ní fèrèsé ńlá. Àgbàlá ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ìgbà tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé, bíi ti àwọn míṣọ́nnárì CMS tó parí ní Àgbádárìgì ní 1845, ni fèrèsé di iṣẹ́ tí a ń kọ́. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé sí Èkó tún gbé e lárugẹ. João Baptista da Costa, ẹni tó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ní ọmọ-iṣẹ́ Yorùbá kan, Sánúsí Aka, tí òun náà di ọ̀gá kọ́lékọ́lé. Láti ọwọ́ sí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni irú ilé náà fi wọ inú ìlú. Nígbà tí kòkó bu owó fún àwọn ará Èkìtì, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n sì ní kí káfíńtà ṣe fèrèsé aláwẹ́ méjì, tí òmíràn ní pákó pẹlẹbẹ tó tò léra bí ìpẹ́ ẹja kí atẹ́gùn lè wọlé kí òjò má wọlé. Ìrókò àti apá, tí ikán kì í tètè jẹ, wà nítòsí nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé àádọ́rin ọdún ṣì fi wà lára ògiri, tí èyí tí a fi igi tútù ṣe láìpẹ́ ti wọ́.

Báwo ni ẹni tuntun yóò ṣe kọ́ àtúnṣe irú fèrèsé bẹ́ẹ̀? Ní ìdàkejì ètò Ọ̀yẹ́ ni: agbẹ́gi ń ti odidi igi lọ sí ọnà, atúnṣe ń ti ohun tó ti parí padà sẹ́yìn. Kó tó yọ awẹ́ kan, kó kọ àmì sí i àti sí férémù rẹ̀, nítorí ihò fèrèsé inú ògiri amọ̀ kì í dọ́gba. Awẹ́ yàrá kìíní kò ní wọ ti yàrá kejì. Kó fi ṣónṣó ọ̀bẹ gún igi wò. Ìsàlẹ̀ ló máa ń jẹrà, níbi tí omi òjò ń jókòó sí, òkè a sì le koko. Kó ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi omi rin ín, kó sì bo imú, torí òjé wà nínú púpọ̀ nínú ọ̀dà ìgbà yẹn, eruku rẹ̀ sì jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọmọdé.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gidi. Kò gbọdọ̀ gé ju ibi tó jẹrà lọ. Yóò gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀ dé ibi tí igi ṣì le dáadáa, yóò wá irú igi kan náà, yóò jẹ́ kí ìlà igi tuntun bá ti àtijọ́ lọ, yóò sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Níbi tí ihò ìṣó hínjìsì ti fẹ̀, èèkàn igi ni wọ́n ń fi dí i kí wọ́n tó dá a lu padà; ẹni tó bá kàn fi ìṣó ńlá gbá a ti la férémù sí méjì. Bí ó bá ní gíláàsì, kó fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ ra igi kó tó lẹ pọ́tì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi gbígbẹ á fa òróró inú pọ́tì mu, pọ́tì á sì máa já. Ikán wá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: inú ògiri ni ó ti ń bọ̀, nítorí náà ẹni tó tún awẹ́ ṣe tí kò wo ẹ̀yìn férémù ti ṣiṣẹ́ asán.

Agbẹ́gi ń fẹ́ kí a mọ ọwọ́ òun láàárín ọ̀pọ̀. Atúnṣe ń fẹ́ kí ọwọ́ òun farasin sínú ọwọ́ ẹlòmíràn. Èyí ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà wu ọmọ tó ń wá orúkọ, ó sì jọ pé òun ló fà á tí lámèyítọ́ pàápàá fi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i.

Àwọn ibòmíràn ti fún iṣẹ́ àtúnṣe lórúkọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1877 tí William Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá SPAB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, sílẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé àtúnṣe sàn ju àrọ́pò lọ. Ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ẹgbẹ́ Legacy tún Jaekel House, ilé rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, ṣe. Èkó kan náà ni wọ́n sì ti wó ilé àtijọ́ Ilojo Bar lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wà lábẹ́ ààbò ìjọba àpapọ̀ láti 1956. Òfin nìkan kò gba ilé là.

Mo gbọ́ ohun tí onílé máa ń sọ: alumíníọ̀mù kì í jẹrà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lára rẹ̀, ẹni tó ń ṣe é sì wà ní ẹnu títì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdajì ihò ni fèrèsé alumíníọ̀mù tó ń fà lọ fà bọ̀ máa ń ṣí sílẹ̀, nígbà tí aláwẹ́ méjì ń ṣí tán pátápátá. Ẹni tó bá ti sùn nínú méjèèjì nígbà oru mọ ìyàtọ̀. A sì lè kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ igi láìba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí onílé kò ní ni ẹni tó máa pè.

Ibi tí Carroll ti ṣe é tọ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀: kí a wá ọ̀gá. Àwọn àgbà káfíńtà tó ṣe fèrèsé aláwẹ́ méjì ṣì wà ní àwọn ìlú wọ̀nyí, tí ṣẹ́ẹ̀dì wọn sì ṣófo torí pé ọmọ-iṣẹ́ ti lọ gun ọ̀kadà kó tó ṣe fíríìdọ̀mù. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tó ti wà láti 2011, ní ọgbà sí Ọ̀yẹ́, ó ní òmíràn sí Ìkọ̀lé níbi tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ wà. Kí wọ́n gba irú bàbá bẹ́ẹ̀ bí olùkọ́, kí wọ́n sanwó fún un bí olùkọ́, kí wọ́n má sì béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ onílé ńkọ́? Bí o bá ti pinnu láti yọ fèrèsé bàbá rẹ, má jẹ́ kí wọ́n fi dáná. Kó o sí àjà, kọ àmì sí i, kí o sì jẹ́ kí káfíńtà kan tún awẹ́ kan péré ṣe kí o tó sanwó alumíníọ̀mù.