Ẹrù Lórí, Ojú Tutù: Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì Ilé Gbígbé Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ilẹ̀ Yewa

Ìfáárà

Ìmàṣàyí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ayétòrò. Gbogbo agbègbè yìí, láti Ìlaròó títí dé ẹnubodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò kí orúkọ rẹ̀ tó di Yewa ní ọdún 1995, wà lára ibi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ, pẹ̀lú Kétu, Ọ̀họ̀rí àti Ànàgó. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àrà ọmọnìyàn. Nígbà tó di ọdún 2008, ó wọ inú àkójọ ohun àjogúnbá tí kò ṣeé fọwọ́ bà, ní orúkọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò.

Pẹ̀lú gbogbo òkìkí yìí, ọ̀nà méjì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sábà máa ń gbà wọ inú kíláàsì. Olùkọ́ lè kà á mọ́ eré ìbílẹ̀, kí ó to orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Eégún, Ẹ̀yọ̀ àti Agẹmọ, kí ó sì kọjá sórí iṣẹ́ mìíràn. Ó sì lè sọ pé àjẹ́ ni wọ́n fi ń tù lójú, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa rẹ́rìn-ín, kí ẹ̀rù sì máa ba àwọn yòókù. Àlàyé àkọ́kọ́ kò kún tó. Èkejì kì í ṣe irọ́ pọ́ńbélé. Ilé ni àwọn méjèèjì fi sílẹ̀. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni àwọn ará Yewa ti ronú jinlẹ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀, bí tọkọtaya ṣe ń bá ara wọn gbé, àti bí ẹrù ilé ṣe lè wà lórí kí ojú má fà ro. Ìrònú náà ní ibi tí ó kù sí, lámèyítọ́ kò sì gbọdọ̀ torí ìfẹ́ àṣà bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ ribiribi lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Henry Drewal àti Margaret Drewal (1983) tẹnu mọ́ agbára tí ó wà lọ́wọ́ obìnrin. Babatunde Lawal (1996) gbé ìrẹ́pọ̀ àwùjọ sí iwájú, ó sì fi Ìyá Ńlá ṣe òpómúléró àlàyé rẹ̀. Ìlú ni ojú àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ń wò jù. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó di ti ìlú, yàrá àti ìdí àdògán ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Yewájọbí àti Ìkẹ́ Ara Ẹni

Ọ̀kan lára àwọn ìtàn orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dá lórí Yewájọbí, ìyá àwọn òrìṣà. Yewájọbí kò rí ọmọ bí, ó sì tọ Ifá lọ. Ifá ní kí ó rúbọ, kí ó gbé ère igi sórí, kí ó kó irin sẹ́sẹ̀, kí ó sì jó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó bí ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ aláwàdà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó bí ọmọbìnrin kan tí ó sanra bíi tirẹ̀, tí ijó sì wù ú bíi tirẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n pe ìyẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì dé ilé tiwọn, ọmọ kò yà síbẹ̀ náà. Ohun tí ìyá wọn ṣe ni Ifá ní kí àwọn náà lọ ṣe. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì di ọlọ́mọ.

Ó yẹ kí olùkọ́ fara balẹ̀ lórí ìtàn yìí ju bí wọ́n ti máa ń sáré kọjá rẹ̀ lọ. Ẹni tí ìrònú dorí rẹ̀ kodò ni Ifá ní kí ó jó. Ẹbọ jẹ́ ohun tí ènìyàn gbé kalẹ̀ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ara ẹni ni ènìyàn fi ń jó. Ìtọ́jú ara wà nínú ìlànà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bùn tí obìnrin yóò rí gbà bí iṣẹ́ bá tán. Orúkọ ọmọbìnrin náà pàápàá tún ọ̀rọ̀ yìí sọ. Lawal fi ìtumọ̀ ‘gẹ̀’ hàn gẹ́gẹ́ bíi títù lójú àti ṣíṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. ‘Gẹ̀’ yìí kan náà ni gbogbo Yorùbá mọ̀ nínú ‘ìkẹ́ àti ìgẹ̀’. Ìyẹn ni pé ìkẹ́ ti wà nínú orúkọ eré náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé igi sórí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn náà kò fi sísanra ọmọ náà bú u. Àwọn tó ń múra fún ijó máa ń fi ọmú àti ìdí kún ara wọn ni, wọn kì í dín in kù. Ní àkókò tí àwọn ọmọdébìnrin ń fi ebi pa ara wọn nítorí àwòrán tí wọ́n rí lórí fóònù, ìlú tó ń pàtẹ́wọ́ fún ara tó kún lójú agbo ní ohun tí ó lè kọ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Ibi tí ìtàn náà ti lágbára jù ni ti Ẹ̀fẹ̀. Ọkùnrin ni. Nígbà tí ọmọ kò sí nínú ilé rẹ̀, kò rán ìyàwó rẹ̀ nìkan lọ gba ìmọ̀ràn. Òun fúnra rẹ̀ gbé ère sórí, ó kó irin sẹ́sẹ̀, ó sì jó. Ẹ̀fẹ̀ mú wàhálà ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ara rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí obìnrin ṣe ń dá nìkan lọ láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, láti ilé àdúrà kan dé èkejì, tí ọkọ jókòó sílé tó ń retí èsì, yóò mọ̀ pé ìtàn àtayébáyé yìí ti lọ síwájú ọ̀pọ̀ ilé òde òní.

Àbùkù rẹ̀ kò fara sin. Ọmọ ni ìtàn náà fi san ẹ̀san fún ìkẹ́. Yewájọbí jó, ó sì bímọ. Bí ó bá jó tí kò bímọ ńkọ́? Obìnrin tí kò rí ọmọ bí, tàbí èyí tí ó ti bímọ tó tí ó kàn fẹ́ sinmi, kò rí ibi dúró nínú ìtàn náà. Àpọ́nlé fún ìyá pọ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àpọ́nlé fún obìnrin gẹ́gẹ́ bí ènìyàn tí ó lè rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Igi, Ẹrù àti Ọrùn

Orí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sábà máa ń ní ìpele méjì. Nísàlẹ̀ ni ojú ènìyàn wà, ojú tó tutù, tí kò bínú, tí kò sì yọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Lókè ni ariwo wà: ejò tó ká mọ́ ẹranko, ẹyẹ tó ń bá ejò jà, ìyálọ́jà tó gbé igbá ọjà, télọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó gun alùpùpù. Gbogbo hílàhílo ayé wà lórí, ojú kò sì yí padà.

Ìtumọ̀ tí ó máa ń yá lẹ́nu ni pé sùúrù ni igi náà ń kọ́ni, pé kí ìyàwó ilé fara dà á. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì níbi ìgbéyàwó, níbi tí wọ́n ti ń dà á sí ìyàwó létí bí ẹni ń da omi. Ìtumọ̀ náà kò tọ̀nà. Agbẹ́gilére tí ó bá gbé ẹrù ka ẹ̀gbẹ́ kan igi yóò ṣẹ́ ọrùn oníjó, bí ó ti wù kí sùúrù oníjó náà pọ̀ tó. Ọwọ́ ẹni tó di ẹrù ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọrùn ẹni tó rù ú. Bí agbẹ́gilére bá gbẹ́ ejò sí apá ọ̀tún, ó gbọ́dọ̀ rí i pé nǹkan kan wà ní apá òsì tí yóò gbè é. Ilé tí wọ́n ti kó owó ilé-ìwé, omi pípọn, oúnjẹ, aṣọ fífọ̀ àti ìtọ́jú ìyá ọkọ lé ẹnì kan lórí, tí wọ́n wá ń wàásù ojú tutù fún un, igi tí wọn kò gbẹ́ dáadáa ni. Kódà ẹni tó bá ru igi ìdáná ti oko dé mọ̀ pé ẹrù kì í jókòó lórí láìsí òṣùká, ẹlòmíràn ló sì sábà máa ń báni sọ ọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú sábà máa ń fò. Ọkùnrin ló wà lábẹ́ igi náà. Gèlè, ìró àti ọ̀já tí ó fi bora, ọwọ́ àwọn obìnrin ìlú ni ó ti yá wọn. Orí ni igi náà jókòó lé, aṣọ ni ó sì bo ojú oníjó, tí ó ń ti inú rẹ̀ ríran. Irin wúwo lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ooru ń mú un, ó sì gbọ́dọ̀ rìn bí obìnrin, kí ó jó bí obìnrin, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì fi ohun tí ìlù sọ sílẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé sílẹ̀ fún, bí ẹni pé ọmọkùnrin kò ní í gbé ilé. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe é lódì kejì: ọkùnrin ni ó fi ọ̀já mú lára, ojú gbogbo ọjà ni ó sì ti ṣe é.

Méjì-méjì ni wọ́n sì sábà máa ń jó ní ọ̀sán. Aṣọ wọn jọra, igi wọn jọra, ẹsẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ balẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí ìlù bá dé òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sáré ju ẹnì kejì lọ, àwọn méjèèjì ni ijó náà bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀

Òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde, nínú ọjà, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó tẹ̀ lé e ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣàdédé jáde. Bí ìlú kan ti ń ṣe é lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, ṣùgbọ́n lára àwọn tó máa ń ṣíwájú ni Arabi Ajígbálẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbá ilẹ̀, ẹni tó gbé iná, ẹni tó pa iná, àti Tẹ̀tẹ̀dẹ́, tí ó tètè dé láti wá pe Ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ bá wá dé, ó ní láti júbà àwọn ìyá kí ó tó la ẹnu bá ẹnikẹ́ni wí.

Ètò yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí tọkọtaya ṣe ń sọ̀rọ̀ síra wọn. Ìbáwí pọ̀ nínú Ẹ̀fẹ̀: alágbèrè, ọ̀lẹ, oníjà, ẹni tó ń ba ilé onílé jẹ́, kò sí èyí tí kò lè kàn. Síbẹ̀ wọ́n ti gbálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti pa iná, ẹnì kan ti pè é, ó sì ti júbà. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀fẹ̀ fi kún un pé ọ̀rọ̀ líle pàápàá lè yọ obì bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbá ilẹ̀ ibi tí wọn yóò ti sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìjà ilé ló jẹ́ pé òtítọ́ ni ẹni tó bínú ń sọ, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kejì tó bọ́ bàtà.

Ìbéèrè tó kù ni ti ohùn. Ìyálàṣẹ ni olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tirẹ̀ ni àṣẹ, Bàbálàṣẹ sì ń bá a ṣe é. Ọkùnrin ni Ẹ̀fẹ̀ tó ń kọrin. Ọkùnrin náà ni Tẹ̀tẹ̀dẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ obìnrin ni ó wọ̀. Àṣẹ wà lọ́wọ́ ìyá, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ẹnìkan lè jiyàn pé ẹni tó ni àṣẹ kò nílò ariwo, àríyànjiyàn náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán obìnrin oníṣekúṣe wà lára àwọn igi tí wọ́n ti gbẹ́. Bí obìnrin tí wọ́n fi igi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ bá ní èsì, ta ni yóò kọ ọ́ lórin fún un lóru ọjọ́ náà? Ìrẹ́pọ̀ tí Lawal rí nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ tí apá kan ń sọ̀rọ̀, tí apá kejì ń fọwọ́ sí i, kò tíì dé ibi tí igi náà fúnra rẹ̀ dé. Igi kò gbè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní kíláàsì kò ní láti yan láàárín ìyìn àti àbùkù yìí. Àwòrán igi kan ṣoṣo tó láti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì béèrè ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ó tó béèrè orúkọ rẹ̀. Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí wọ́n bá ń lọ ṣe ìwádìí ní Ìmàṣàyí tàbí àwọn ìlú tó yí i ká nígbà ọdún, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, orin àti ìlù nìkan kò tó láti gbà sílẹ̀. Kí wọ́n dúró di ọjọ́ kejì ijó, nígbà tí gèlè, ìró àti ọ̀já bá ń padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni wọ́n, kí wọ́n sì béèrè ẹni tó fọ̀ wọ́n.