Ojú tí ó wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lórí ẹ̀rọ

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ojú tí ó bá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a fẹ́ mọ̀ bóyá òwe náà ṣì dúró nígbà tí ìran ọ̀hún bá wà nínú ẹ̀rọ. A wá àwòrán orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú àkójọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní Yúróòpù, a sì fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Àwòrán náà mọ́ kedere. Bí a bá fà á súnmọ́ ojú, a lè rí ibi tí ọ̀bẹ agbẹ́gilére gbà kọjá lára igi. Àwọn ọmọ wò ó, ó wù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ àgbà wà nínú ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní abúlé wọn, na ọwọ́ sókè, ó ní: « Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó gbé e jó? Orin wo ni wọ́n kọ sí i? »

A wo abẹ́ àwòrán náà. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni pé igi ni, pé a kùn ún ní ọ̀dà, pé Yorùbá ni ó ni í. Gíga rẹ̀ wà níbẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Kò sí ìdáhùn kankan fún ọmọ náà.

Ìbéèrè rẹ̀ ni a fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àpilẹ̀kọ yìí. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé ti ń gbé ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun ìsìn àwọn baba wa sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí gbogbo ayé rí wọn, àwọn sì fẹ́ sọ ìtàn wọn. Ohun dáradára ni, a kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ìpàtẹ àti ìtàn kì í ṣe ohun kan náà. Ọlọ́jà lè pàtẹ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó má pa ìtàn kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó sọnù lára àwòrán tí a fi han àwọn ọmọ yẹn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti Kétu ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti tàn ká. Ní òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde. Òun ni ó ń júbà Ìyá Ńlá, tí ó ń súre fún ìlú, tí ó ń fi orin bá olè àti alágbèrè wí, tí kò sì yọ ìjòyè sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn tí ó gbé orí lórí yóò jó jáde, ní méjì méjì nígbà púpọ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ tí a yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin, pẹ̀lú irin tí ń dún ní ọrùn ẹsẹ̀, kí ìró ẹsẹ̀ lè bá ti ìlù mu. Nítorí gbogbo èyí ni UNESCO ṣe kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀, tí ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ àjogúnbá aráyé tí a kò lè fi ọwọ́ kàn ní 2008. Ohun tí a kò lè fi ọwọ́ kàn ni wọ́n kéde, ìyẹn ni orin, ijó, ọ̀rọ̀ àti èrò. Èyí tí a lè fi ọwọ́ kàn, ìyẹn igi, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kó pamọ́. Bí ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì bá tún fi igi nìkan hàn wá, ó kàn gbé àpótí dígí kúrò ní Yúróòpù wá sí ọwọ́ wa ni.

Nọ́ńbà pàápàá ń sọ̀rọ̀, bí a bá mọ bí a ti ń kà á. Ère ọba Ghézo ti Àgbómẹ̀, nígbà tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé quai Branly ní Paris, ń jẹ́ 71.1893.45.1. Nínú nọ́ńbà yìí, 1893 ni ọdún tí ère náà wọ àkójọ àwọn Faransé. Kò sí ọdún tí a gbẹ́ ẹ níbẹ̀, kò sí ọdún tí ọba náà gun orí ìtẹ́. A sì kọ orúkọ ọ̀gágun Dodds sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi í ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́rẹ. Ní èdè wa, ẹni tí ó bá mú ohun olóhun ní ojú ogun tí ó sì fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, a ní orúkọ tí a ń pè é, ọlọ́rẹ kọ́. Ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ń sọ ẹni tí ó ni ìtàn.

Iṣẹ́ kan wà tí ó gbìyànjú láti yí èyí padà, òun sì ni a gbà pé ó tọ́ kí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wa mọ̀ jù lọ. Digital Benin ni orúkọ rẹ̀. Kí òǹkàwé má ṣi orúkọ mú: kì í ṣe orílẹ̀-èdè wa, tí ó gba orúkọ Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, ni à ń wí, bí kò ṣe ìlú Ẹdó ní Nàìjíríà, tí Yorùbá ń pè ní Ìbíní. Ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jó ìlú náà, tí wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, tí wọ́n sì kó idẹ àti eyín erin ààfin lọ. Wọ́n tà wọ́n, wọ́n pín wọn, wọ́n fọ́n ká. Ní oṣù Kọkànlá 2022 ni Digital Benin ṣí, pẹ̀lú ohun tí ó lé ní 5,000 láti inú ilé iṣẹ́ 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ Ẹdó lè jókòó ní ibì kan kí ó sì rí ibi tí ẹrù baba rẹ̀ fọ́n sí.

Ohun tí ó mú wa yin iṣẹ́ yìí ju iye náà lọ. Apá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Eyo Oto, níbi tí a ti fún àwọn ohun wọ̀nyí ní orúkọ wọn ní èdè Ẹdó, tí ènìyàn sì lè gbọ́ bí a ti ń pe orúkọ náà. Òmíràn ń jẹ́ Itan Edo, tí ó gba ìtàn láti ẹnu àwọn tí ó ni í. Òǹkàwé Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí a ń pè ní ìtàn níbẹ̀. Ìgbà tí ohun kan bá ti gba orúkọ rẹ̀ padà ní ẹnu àwọn tí ó ni í, ó ti kúrò ní ipò ẹrù lásán. Ká ní irú rẹ̀ wà fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọmọbìnrin wa ìbá ti rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, a ní ohun mẹ́ta láti sọ sí i. Èkíní, àkójọ ni ó ṣì jẹ́ ní ìpìlẹ̀: ohun kan, ojú ìwé kan. Orí idẹ tí ó wà lórí pẹpẹ àwọn baba ńlá, pẹ̀lú eyín erin tí ó ti inú rẹ̀ yọ sókè, di ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá ti mọ pẹpẹ náà tẹ́lẹ̀ kò ní rọrùn fún un láti tò wọ́n pọ̀ padà. Èkejì, àwọn ìwé tí a fi mọ ọ̀nà tí ẹrù gbà kọjá, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àwọn tí ó kó o lọ àti àwọn tí ó rà á. Nípa bẹ́ẹ̀, a mọ ọjọ́ títà ju ọjọ́ ìsìn lọ. Èkẹta, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ibi tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń ka Faransé ní ilé-ìwé, dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Nípa tiwa ńkọ́? Gbogbo wa ni a mọ ìtàn àwọn ohun 26 tí Faransé dá padà. Dodds wọ Àgbómẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1892. Òfin Faransé ti oṣù Kejìlá 2020 ni ó yọ̀ǹda wọn. Wọ́n dé Kútọnu ní oṣù Kọkànlá 2021, a sì ṣí àfihàn wọn ní oṣù Kejì 2022. Mati Diop fi ìrìn àjò yìí ṣe fíìmù tí ó pè ní Dahomey, tí ó gba Béárì Wúrà ní Berlin ní 2024. Nínú fíìmù náà, ère Ghézo ń sọ̀rọ̀ ní èdè Fọ̀n, ó ń ráhùn pé nọ́ńbà ni wọ́n ń pe òun. Ìwé àkójọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìpàtẹ àti ìtàn, kí ó ka ojú ìwé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, lẹ́yìn náà kí ó gbọ́ ère náà.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ Kétu bá dúró níwájú ère kìnnìún, tí í ṣe ti ọba Glèlè, kí ni ó ń rí? Ní 1886 ni àwọn ọmọ ogun Glèlè pa Kétu run, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Dàhòmẹ̀. Àwọn tí ó kù lára wọn padà wálé lẹ́yìn tí Àgbómẹ̀ ti ṣubú, wọ́n sì tún ìlú kọ́. Ìṣẹ́gun Dodds kan náà tí ó kó ẹrù ọba lọ ni ó ṣí ọ̀nà ilé fún àwọn baba wa. A kò sọ èyí láti dá ẹ̀jọ́ ogun ìgbàanì sílẹ̀, nítorí ọmọ ìlú kan ni wá lónìí, a sì yọ̀ nígbà tí àwọn ère náà dé. A sọ ọ́ nítorí pé òtítọ́ méjì ni. Bí a bá fi ìtàn kan ṣoṣo kọ́ àwọn ọmọ, pé àwọn òyìnbó kó o lọ, wọ́n sì dá a padà, a ti pa ẹnu ìyá àgbà kan mọ́ ní Kétu.

Níbí gan-an ni àfihàn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ní agbára tí ilé kò ní. Ògiri ilé ní ìwọ̀n. Ohun tí a bá kọ sí abẹ́ ère kò lè ju ìlà mẹ́wàá lọ. Lórí ẹ̀rọ, ère Glèlè lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè Kétu tí àwọn baba wa fi dáàbò bo ìlú. Ẹnìkan láti Àgbómẹ̀ lè sọ ohun tí kìnnìún náà jẹ́ fún wọn. Bàbá Elégùn, tí ìdílé rẹ̀ ń ka ìtàn àwọn ọba Kétu bí a bá ń fi Alákétu jẹ, lè sọ tirẹ̀. Fọ̀n, Yorùbá àti Faransé lè wà níbẹ̀ pa pọ̀. Irú àfihàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ó dúró dè láti Paris. Iṣẹ́ wa ni, pẹ̀lú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ní nílé, ní Àjàṣẹ́ àti níbòmíràn.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń bẹ̀rù pé bí a bá gba àwòrán, àwọn tí ó ní ohun gan-an lọ́wọ́ yóò sọ pé a ti tẹ́ wa lọ́rùn. Àwa náà ti bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí. Àwòrán oúnjẹ kì í yó ni, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ibi tí ẹrù rẹ̀ wà, báwo ni yóò ṣe béèrè rẹ̀? Àkójọ tí ó sọ orúkọ ẹni tí ó mú un, ọjọ́ tí ó mú un àti ibi tí ó wà, ẹ̀rí ni ní ọwọ́ ẹni tí ń béèrè. Kí a gba àwòrán, kí a má sì fi àwòrán dákẹ́.

Ewu tí ó kàn wá jù wà níbòmíràn. Kì í ṣe gbogbo ohun ni a ń fi han gbogbo ojú, òfin ilé awo kò sì yí padà nítorí pé ẹ̀rọ dé. Àfihàn tí ó bá bọ̀wọ̀ fún wa yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ohun kí ó tó fi í hàn, yóò sì gbà bí wọ́n bá kọ̀.

A kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin wa. Nígbà ìsinmi, ó lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà, ó gbé àwòrán náà hàn án. Ìyá náà wò ó títí, ó ní òun kò mọ orí yìí, ṣùgbọ́n òun mọ irú rẹ̀, ó sì sọ irú ijó tí ó yẹ ẹ́. Ó jẹ́ kí ọmọ náà gba orin méjì sí inú ẹ̀rọ. Nígbà tí ó béèrè ẹ̀kẹta, ìyá náà mi orí: « Ìyẹn kì í ṣe ti ẹ̀rọ, ọmọ mi. Bí ó bá di àsìkò rẹ̀, wá, ìwọ yóò gbọ́ ọ. »

A gbé orin méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà ní kíláàsì, lórí kọ̀ǹpútà tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, a sì kọ orúkọ abúlé náà síbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ìyá. Ibi tí orin kẹta ìbá wà, a fi í sílẹ̀ lófo, a sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́fà ti sọ fún wa pé àwọn yóò bá a lọ sí abúlé náà ní àsìkò Gẹ̀lẹ̀dẹ́.