Lẹ́yìn Iná Kámẹ́lì

Ìtàn Èlíjà lórí òkè Kámẹ́lì wà lára àwọn ìtàn inú Bíbélì tí àwa ọmọ ilé-ìwé fẹ́ràn jù. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀dá ti mú ní Ísírẹ́lì. Wòlíì Báálì 450 dúró sí apá kan, Èlíjà nìkan dúró sí apá kejì. Àwọn ti Báálì ké títí, wọ́n fi ọ̀bẹ ya ara wọn, kò sí ìdáhùn. Èlíjà fi òkúta 12 mọ pẹpẹ, ó ní kí wọ́n da omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbàdúrà kúkúrú, iná sì bọ́ láti ọ̀run. Gbogbo èrò dojú bolẹ̀, wọ́n ń kígbe pé Olúwa ni Ọlọ́run.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwàásù tí mo ti gbọ́ máa ń parí sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé Àwọn Ọba Kìíní kò parí ìtàn rẹ̀ síbẹ̀. Orí 18 ni ìtàn iná wà. Orí 19 tó tẹ̀lé e ló gbé ìbéèrè kan ka iwájú wa: ṣé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ là ń wá, àbí ohun tí ojú wa yóò rí àti ohun tí ara wa yóò mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn èrò orí òkè. Kò pẹ́ tí wọ́n kígbe tán ni Jésébélì ránṣẹ́ pé òun yóò pa Èlíjà. Ìtàn náà kò sọ fún wa pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn jáde wá gbè é lẹ́yìn. Iná tó jó òkúta, tó sì lá omi gbẹ, kò jó ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn wọn. Èlíjà tó gbàdúrà tí iná fi bọ́ pàápàá sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ohun tí ó kọ́kọ́ rí gbà níbẹ̀ ni oorun, oúnjẹ àti omi.

Lẹ́yìn ìrìn 40 ọjọ́, ó dé òkè Hórébù. Ìjì jà, ilẹ̀ mì, iná sì tún dé. Lójú tèmi, òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ dá iná yìí padà ni. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwa tí a ń kàwé yóò rò pé ibi tí iná bá ti jó ni Ọlọ́run wà. Iná tí Ọlọ́run fi dáhùn lórí òkè àkọ́kọ́ kọjá lórí òkè kejì, Ọlọ́run kò sì sí nínú rẹ̀. Ìránṣẹ́ ni iná. Kì í ṣe ọ̀gá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn kẹ́lẹ́ kan wá.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu Èlíjà. Kí ìjì tó jà, Ọlọ́run bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ó ní òun nìkan ló kù, wọ́n sì ń wá ẹ̀mí òun. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kọjá, Ọlọ́run tún bi í léèrè, ìdáhùn kan náà ló sì fọ̀. Ẹnì kan lè sọ pé bí àwọn onítàn ayé àtijọ́ ṣe máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó fi àtúnsọ náà sí: ọ̀kan ṣáájú ìjì, ọ̀kan lẹ́yìn iná. Gbogbo ohun ńlá yẹn kọjá níwájú rẹ̀, ẹjọ́ tó ń rò kò yí padà. Ohun tó gbé e dìde ni iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an: kó padà, kó lọ fi òróró yan Hásáẹ́lì, Jéhù àti Èlíṣà. Ọlọ́run sì fi yé e pé 7,000 èèyàn ṣì wà tí kò kúnlẹ̀ fún Báálì.

Mo máa ń ronú nípa àwọn 7,000 yìí. A kò mọ orúkọ wọn. A kò gbọ́ pé wọ́n rí ìran. Ohun kan ṣoṣo tí a mọ̀ nípa wọn ni ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwa ọ̀dọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àdúrà wa, ẹni tó bá ṣubú nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí ni wọ́n ń pè ní ẹni ẹ̀mí. Ẹni tó bá dúró, wọ́n á ní nǹkan kan ń dè é. Ọmọ kíláàsì mi kan gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí ó lè fi èdè àjèjì gbàdúrà. Èdè náà kò wá. Ó ní Ọlọ́run kò fẹ́ òun, kò sì bá wa pàdé mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kì í jíwèé wò. Nígbà tí wọ́n ń ju ìdáhùn kiri nínú yàrá ìdánwò, kò bá wọn mú un. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí ó wà lára àwọn 7,000.

Àwọn kan yóò ní Ọlọ́run ṣì ń ṣe iṣẹ́ ìyanu, àti pé ilẹ̀ wa ti rí i. N kò jiyàn. Ní 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tó ní òun gbọ́ ohùn. Ní 1930, èrò rọ́ lọ sí Òkè-Ooye ní Iléṣà nítorí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn rán an níṣẹ́: ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì ń wàásù títí tó fi kú ní 1959. Ìwòsàn la máa ń rántí. Ọdún 31 ìgbọ́ràn ló gbé e dúró.

Bí bàbá bá ti ìrìn àjò dé, ọmọ kékeré á sáré lọ tú àpò rẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tí yóò bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá dàgbà tó sì jẹ́ pé àpò nìkan ló ṣì ń kí káàbọ̀, ó yẹ kí ara fu bàbá.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí a bá ti òru àdúrà dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ohun tí a rí. Ẹ bi wá léèrè iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán wa, kí ẹ sì wò ó bóyá a jẹ́ ẹ.