Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ náà "Epo" Nínú Ìfáárà Ẹ̀kọ́ Háídírókábọ́nù

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá túmọ̀ háídírókábọ́nù ni "epo". Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò kó gbogbo ọmọ ẹbí já, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń kó àlejò mọ́ wọn.

Háídírókábọ́nù ni èròjà tí kò ní ju kábọ́nù àti háídírójìn lọ nínú. Ọwọ́ mẹ́rin ni kábọ́nù ní tí ó fi ń di èròjà mìíràn mú. Ó sì lè di kábọ́nù ẹgbẹ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Methane (CH₄), tí ó máa ń rú jáde nínú ẹrẹ̀ àbàtà, ni ó kéré jù. Propane (C₃H₈) àti butane (C₄H₁₀) ni gáàsì ìdáná. Ọ̀pọ̀ èyí tí ó wà nínú bẹntiróò àti kẹrosíìnì ni ẹ̀wọ̀n wọn gùn ju ìwọ̀nyí lọ.

Bí a bá gbé àlàyé yìí dé ọjà Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ìṣòro yóò hàn. Epo ni epo pupa, ṣùgbọ́n ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe háídírókábọ́nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni òróró àti àdí. Ẹnikẹ́ni kì í pe gáàsì ní epo, síbẹ̀ ìbátan bẹntiróò tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń rọ sí ẹ́ńjìnnì ni. Ìrísí àti ìlò ni Yorùbá fi pín nǹkan wọ̀nyí. Èròjà inú wọn ni kẹ́mísírì fi pín wọn.

Àṣìpè yìí léwu. Ẹni tí ó gbà pé epo kan náà ni gbogbo wọn lè fojú kéré pípo bẹntiróò mọ́ kẹrosíìnì. Ẹ̀wọ̀n bẹntiróò kúrú, ó tètè ń di ooru tí iná ń ràn mọ́. Àdàlù náà lè bú gbàù nínú fìtílà tàbí sítóòfù. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sílé: Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkì, ní ẹkùn Ẹ̀pẹ́, ni ilé ìfọpo Dangote wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, tí a sì kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́.

Ní ìkádìí, iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ láti 1970 ti fi hàn pé Yorùbá ṣeé fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Àṣàyàn ọ̀rọ̀ ni ó kù. Kí háídírókábọ́nù jẹ́ orúkọ ẹbí, kí epo dúró sí ipò rẹ̀ lọ́jà, kí olùkọ́ sì kọ́kọ́ fi epo pupa àti gáàsì ìdáná wé ara wọn níwájú akẹ́kọ̀ọ́.