Ìyá Ọkọ Tí Kò Pariwo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ìdílé wa ní Orè àti Odigbó, bí ìyá ọkọ bá yọ nínú fíìmù, ariwo àti èébú la máa ń retí. Hajia Zainab Bukky Ajayi kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Láti 1966 ló ti ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ló ṣeré nínú Village Headmaster àti Checkmate.

Nínú Mother of George (2013), fíìmù nípa àwọn Yorùbá tó wà ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, òun ni Ìyá Ayọ̀. Adénìkẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò lóyún. Ọkọ kọ̀ láti rí dókítà. Ni ìyá bá ní kí ìyàwó lọ bá àbúrò ọkọ rẹ̀ sùn!

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń fún ọmọ lágbo mu. Ohun tó bani lẹ́rù nìyẹn: sìná gba ẹnu àgbà wọlé, ó jọ àánú. Bí ẹnìkan bá ní irú ipa yìí kò yẹ Hajia, èmi kò gbà. Brooklyn jìnnà sí Orè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ilé tí wọ́n ti ń di gbogbo ẹ̀bi àìrọ́mọbí ru obìnrin?

Ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀, 6 July 2016, ló jáde láyé ní Èkó, lẹ́ni ọdún 82.